Béèrè Ẹ̀gbá: Ìtàn ìgbésí ayé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ohun tó fi sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ilẹ̀ wa

Bí obìnrin kan bá jí ní àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò ní àdúgbò Adéwọlé, ní ìlú Ìlọrin, tó we gèlè rẹ̀, tó mú káàdì ìdìbò rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì lọ tò sórí ìlà, kò sí ẹni tí yóò yà lẹ́nu. Ohun tí ojú ti mọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ lọ́dún 1959, ìyẹn ìbò tó ṣáájú òmìnira, ọkùnrin nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní Ìlọrin. Abẹ́ Agbègbè Àríwá ni ìlú náà wà nígbà náà, òfin ibẹ̀ kò sì ka obìnrin mọ́ olùdìbò. Lọ́dún yẹn kan náà, obìnrin tó ń gbé Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Èkó lè dìbò bí ọkùnrin. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, irú ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, àmọ́ ààlà ìjọba kan ṣoṣo ló jẹ́ kí ọ̀kan lẹ́nu ọ̀rọ̀, tí èkejì kò sì ní. Ó di ọdún 1976 kí ìjọba ológun tó fún àwọn obìnrin Àríwá ní ẹ̀tọ́ yìí.

Ẹ̀tọ́ náà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn obìnrin kan ló jà fún un, tí wọ́n sì jìyà nítorí rẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, Béèrè ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé ìyá Fẹlá olórin ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Kí Fẹlá tó mọ fèrè fọn ni ìyá rẹ̀ ti di ẹni tí ìjọba òyìnbó ń ṣọ́ lójú méjèèjì.

Ìbí rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta. Daniel Olúméyùwá Thomas ni orúkọ bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ àti oníṣòwò epo pupa ni. Lucretia Phyllis Ọmọ́yẹni ni ìyá rẹ̀, aránṣọ sì ni òun. Ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láyé ogun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Sàró, tí wọ́n sì tún padà wálé, ni ìdílé bàbá rẹ̀ ti ṣẹ̀. Irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn ló sì kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kristi àti ẹ̀kọ́ ìwé mọ́ra. Frances Abigail ni wọ́n fi sàmì fún ọmọbìnrin náà.

Thomas àti aya rẹ̀ kò gbà pé ọmọkùnrin nìkan ló yẹ kó kàwé. Lọ́dún 1914, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta, tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tẹ́lẹ̀, kọ́kọ́ gba obìnrin wọlé, ọmọ wọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Lọ́dún 1919, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó, ó sì kàwé ní Wincham Hall, ní agbègbè Cheshire. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé ojú tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń wo aláwọ̀ dúdú kò dára. Ó pa orúkọ òyìnbó rẹ̀ tì, ó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Nígbà tó padà dé lọ́dún 1922, ó di olùkọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde.

Ní oṣù kìíní ọdún 1925, ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti. Olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀ náà. Ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó tó wá di ọ̀gá ní ti Abẹ́òkúta lọ́dún 1932. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1931. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí: Dolupo, Olíkóyè, Fẹlá àti Beko. Ọkọ náà kò dá aya rẹ̀ dúró nínú ohun tó ń ṣe. Ó ń tì í lẹ́yìn títí tó fi kú ní oṣù kẹrin ọdún 1955.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn olówó aṣọ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé ni Fúnmiláyọ̀ kọ́kọ́ darí. Onígbàgbọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, aya olùkọ́ àti aya òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń kọ́ oúnjẹ òyìnbó, wọ́n sì ń jíròrò nípa ìwà ọmọlúàbí. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà.

Ohun tó yí ẹgbẹ́ náà padà kò ju ìbéèrè kan lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1944, obìnrin ọlọ́jà kan ní kí wọ́n kọ́ òun ní ìwé kíkà. Fúnmiláyọ̀ gbà, ó sì dá kíláàsì sílẹ̀ fún àwọn àgbà obìnrin. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ a, b, d ni wọ́n ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn. Ìgbà ogun àgbáyé kejì ni. Àwọn olópàá àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn obìnrin lọ́nà ọjà, wọ́n ní oúnjẹ àwọn ọmọ ogun ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sanwó, owó náà kì í tó iye tí obìnrin náà fi rà á. Ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọba, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, títí tí ìjọba fi dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ìṣẹ́gun kékeré yìí ló ṣí wọn lójú. Lọ́dún 1946, wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo obìnrin, ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà, Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Fúnmiláyọ̀ bọ́ aṣọ òyìnbó kalẹ̀, ó gba ìró àti bùbá, kí obìnrin kankan má baà rò pé òun kéré sí i. Èdè Yorùbá ni ó ń sọ ní ìpàdé, títí kan ìgbà tí àwọn aṣojú ìjọba òyìnbó bá jókòó síbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́, kó wá ògbufọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ náà tó 20,000.

Ọ̀rọ̀ owó orí

Láti ọdún 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ ló ń san owó orí fún ilé rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, bó ti wù kí ọjà rẹ̀ kéré tó. Ọmọbìnrin ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án bó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí ọmọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́rìndínlógún. Àwọn obìnrin fẹ̀sùn kàn pé àwọn agbowó orí a máa lé wọn wọ inú ilé, wọ́n a máa nà wọ́n, wọ́n tilẹ̀ a máa tú ọmọbìnrin sí ìhòòhò láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí í sanwó.

Èyí tó wá mú ọ̀rọ̀ náà korò jù ni pé obìnrin tó ń sanwó yìí kò ní aṣojú kankan níbi tí wọ́n ti ń ná owó náà. Ìjọba òyìnbó ti fi agbára gbogbo sí ọwọ́ Aláké Adémọ́lá Kejì. Àwọn ìgbìmọ̀ àti àwọn oyè tó máa ń dá ọba lẹ́kun láyé àtijọ́ ti di yẹpẹrẹ. Ẹ rántí pé ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá yìí kan náà ni Ẹfúnróyè Tinúubú ti jẹ Ìyálóde ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ṣáájú, tí àwọn ọkùnrin ìlú sì ń wá ìmọ̀ràn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí Fúnmiláyọ̀ ń tẹnu mọ́ nìyí: ìjọba amúnisìn kò fún obìnrin Yorùbá ní ipò, kàkà bẹ́ẹ̀ ńṣe ló gba èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà kò fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n rán aṣojú. Wọ́n gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ wò. Wọ́n dábàá pé kí ìjọba bu owó orí lé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè rẹpẹtẹ nílùú, dípò kó máa fún ẹni tó ń ta èlùbọ́ lọ́rùn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò mú èso jáde, Fúnmiláyọ̀ kọ̀ láti san owó orí tirẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́.

Ọjọ́ tí àwọn obìnrin yí ààfin ká

Ní òpin oṣù kọkànlá ọdún 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 lọ jókòó síwájú ààfin Aláké. Òfin kò gbà kí wọ́n wọ́de láìgba ìwé àṣẹ, wọn kò sì fún wọn ní ìwé àṣẹ. Àwọn obìnrin ní kò burú, pé àwọn kò wọ́de, àríyá ni àwọn ń lọ ṣe. Wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Orin tí wọ́n fi ń bú Aláké àti àwọn agbowó orí gba gbogbo Aké kan. Ní oṣù kejìlá, wọ́n tún padà lọ, wọ́n sì ní àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá tú àwọn obìnrin tí wọ́n tì mọ́lé nítorí owó orí sílẹ̀. Wọ́n tú wọn sílẹ̀.

Fúnmiláyọ̀ ti kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe bo ojú àti imú bí àwọn olópàá bá ju tajútajú, àti bí wọn yóò ṣe gbé e padà sọ síbi tó ti wá. Ẹgbẹ́ ń dáwó fún ẹjọ́ ẹni tí wọ́n bá mú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n sì sọ̀yà nítòótọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ni Grace Ẹniọlá Ṣóyínká, ìyá Wọlé Ṣóyínká. Ọmọdé ni Wọlé nígbà náà, ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí wà nínú ìwé rẹ̀ tó pè ní Aké, tó jáde lọ́dún 1981.

Lọ́dún 1948, ìjọba dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Àwọn ọkùnrin ìlú, títí kan àwọn Ògbóni, ti wá dara pọ̀ mọ́ ìjà náà nígbà náà. Ní oṣù keje ọdún yẹn, Aláké kúrò nílùú, ó sì kọ̀wé fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 1949. Ní ọdún yẹn kan náà, obìnrin wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀, Fúnmiláyọ̀ sì wà lára wọn. Òótọ́ ni pé Adémọ́lá padà sórí ìtẹ́ ní òpin ọdún 1950, nítorí òun náà ní àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tó bá padà kì í ṣe irú èyí tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ó kọjá Abẹ́òkúta

Lọ́dún 1947 tí ọ̀rọ̀ owó orí ń gbóná lọ́wọ́ ni ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rán ènìyàn méje lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tako òfin ìjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Fúnmiláyọ̀ nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Nígbà tó wà níbẹ̀, ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker nípa ohun tí ìjọba òyìnbó ti fi ojú àwọn obìnrin Nàìjíríà rí.

Lọ́dún 1949, ó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀, pé kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta lè ṣẹlẹ̀ káàkiri. Lọ́dún 1953, ó pe àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti oríṣìíríṣìí ìlú jọ sí Abẹ́òkúta. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí gbogbo àgbàlagbà, ọkùnrin àti obìnrin, lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, kí obìnrin sì ní àyè nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Obìnrin Ìlọrin àti ti Kánò wà nínú ohun tí wọ́n ń béèrè yìí, kì í ṣe ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìkan. Gambo Sawaba, tó ṣe ẹ̀wọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin Àríwá, ka Fúnmiláyọ̀ sí olùkọ́ rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀nà òṣèlú kò rọrùn fún un. Ó gbégbá ìbò lọ́dún 1951, kò wọlé. Lọ́dún 1959, ẹgbẹ́ NCNC kò fà á kalẹ̀, òun náà kò sì gbà láti pa ẹnu mọ́. Ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀. Kò wọlé bẹ́ẹ̀ náà. Ìrìn àjò rẹ̀ sí ilẹ̀ Ṣáínà àti sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ilẹ̀ àwọn alájùmọ̀ní mú kí ìjọba máa fura sí i. Lọ́dún 1957, wọ́n kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà kọ̀ láti jẹ́ kó wọ ilẹ̀ wọn. Ó ní òun kì í ṣe Kọ́múníìsì, pé ibi yòówù tí obìnrin bá ti ń ṣèpàdé lórí ẹ̀tọ́ wọn ni òun yóò lọ.

Nígbà tó yá, ọlá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ wá. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní oyè ẹ̀yẹ lọ́dún 1965. Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1968. Lọ́dún 1970, ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà náà fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà tí wọ́n fi orúkọ Lenin pè.

Bí wọ́n ṣe pa á

Ní ọdún àádọ́rin sí ọgọ́rin rẹ̀, ó gbà pé kí wọ́n máa pe òun ní Aníkúlápó-Kuti, bí Fẹlá ọmọ rẹ̀ ti ń jẹ́. Ọ̀dọ̀ Fẹlá ló wà ní Èkó, ní ilé tí wọ́n ń pè ní Kàlàkútà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ya bo ibẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1977. Wọ́n na àwọn ará ilé, wọ́n fi iná sí ilé náà. Wọ́n ju ìyá àgbà ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin láti ojú fèrèsé òkè sí ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti yá mọ́. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin ọdún 1978.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó ṣe é; wọ́n ní ọmọ ogun tí a kò mọ̀ ni. Kò sí ẹni tó jẹ́jọ́ ikú rẹ̀ títí di òní. Fẹlá gbé pósí lọ sí ẹnu ọ̀nà bárékè Dodan, ibùjókòó ìjọba ológun, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ó tún kọrin nípa rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n bí i sí, ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

Ohun tó fi sílẹ̀

Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé nínú ohun tó gbìn sí wọn. Olíkóyè di mínísítà fún ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, ó sì gbé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé lọ sí ìgbèríko. Beko, oníṣègùn, lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó ń tako ìjọba ológun. Fẹlá fi orin jà, gbogbo ayé sì gbọ́.

Lọ́dún 2012, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà gbèrò láti tẹ owó bébà 5,000 náírà tí àwòrán obìnrin mẹ́ta yóò wà lórí rẹ̀: Fúnmiláyọ̀, Margaret Ekpo àti Gambo Sawaba. Awuyewuye lórí owó ńlá náà mú kí ìjọba dá a dúró. Lọ́dún 2024, fíìmù tí Bọ́láńlé Austen-Peters ṣe lórí ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní sinimá, èyí tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbọ́ ìtàn ààfin Aké fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní Ìlọrin, láti ọdún 1976 tí obìnrin ti ń dìbò, nǹkan ti yí padà díẹ̀díẹ̀. Gbémisọ́lá Sàràkí ṣojú Àárín Gbùngbùn Kwara ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti ọdún 2003 sí 2011, ó sì díje dupò gómìnà lọ́dún 2011, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọlé. Lọ́dún 2021, ìpínlẹ̀ Kwara ṣe òfin pé ó kéré tán, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bá yàn sípò òṣèlú gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Nínú ìbò ọdún 2023, obìnrin márùn-ún wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà tó ní àga 24.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá dìbò tako àwọn àbá tí ì bá fi kún àyè obìnrin nínú òfin Nàìjíríà. Àwọn obìnrin lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ náà láti fẹ̀hónú hàn. Nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gọ́rin ti kọjá lẹ́yìn tí àwọn ìyá wọn jókòó síwájú ààfin Aké, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń sọ: ẹni tó ń sanwó ìlú, tó ń tọ́ ọmọ ìlú, kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí wọn kì í pè sí ìpàdé ìlú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìdí tó fi yẹ kí a máa sọ ìtàn Béèrè nìyí. Òun kò rí ipò kankan gbà nínú ìbò. Kò sì rí owó kankan kó jọ. Ohun tó ṣe ni pé ó jókòó ti ọlọ́jà tó fẹ́ kàwé, ó sì fetí sí ohun tí obìnrin náà ń sọ. Láti ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó bá fi káàdì ìdìbò rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àpótí ní Adéwọlé, kó rántí pé àwọn kan sun ìta mọ́jú nítorí rẹ̀.